Etí Tí Kẹ̀kẹ́ Kò Ní

Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni, irin àtijọ́.
Ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi obìnrin ni wọ́n ṣe é,
ọ̀dà elésè àlùkò rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Sábó ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan
tó ní òyìnbó Jámánì ló fi í sílẹ̀ lọ.
N ò gbà á gbọ́. Mo sanwó.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó gbọ́ ọwọ́,
ó ń gbọ́ jíà nígbà tó bá wù ú.
"Dúró" nìkan ni kò gbọ́.
Òjò ká mi mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Fìà,
mo fún bíréèkì bí ẹni ń fún ọsàn,
rímù tutù, rọ́bà ń yọ̀,
kẹ̀kẹ́ ń gbé mi lọ pàdé táńkà omi kan.
Kòtò ló gbà mí sílẹ̀.
Igbọ̀nwọ́ mi ṣì ń rántí.

Mo délé, mo ní bíréèkì aláwo ni n ó fi sí i.
Fadérera ìyàwó mi gbójú sókè:
"Awo wo lẹ tún wọ̀?"
Àwo ni mo wí, n kò wí awo:
àwo irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí,
tí ẹ̀mú kékeré ń gbá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn rélùwéè, lọ́dọ̀ àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù,
ni mo ti rí ẹ̀mú, nínú àpò ìrẹsì kan,
láàárín sítóòfù tó ti kú àti fáànù tí kò lápá.
Hóọ̀bù oníhò mẹ́fà wá láti ara kẹ̀kẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan
tí mọ́tò tẹ̀ pa ní Ọláìyá.
(Kẹ̀kẹ́ ló kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gun ọ̀kadà.)
Òru mẹ́ta ni mo fi hun sípóòkì méjìlélọ́gbọ̀n;
lóru kejì mo tú gbogbo rẹ̀, mo ṣì í kà.
Ní ti àwo fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lọ.
Ẹ má sọ fún Fadérera.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ pé ni mo tó rí i:
fọ́ọ̀kì kò ní etí,
irin pẹ́ńpẹ́ tí ẹ̀mú ń dì mọ́.
Àwọn tó rọ ọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún
kò mọ̀ pé ẹnì kan yóò bèèrè.
Abájọ tí kò fi ń gbọ́ràn.

Mùfútáù wẹ́dà wò ó, ó pa iná rẹ̀.
"Irin yìí tín-ín-rín ju ohun tí iná mi mọ̀ ọ́n jẹ lọ.
Ẹ gbé e lọ bá Bàbá Oyèlàmí."

Bàbá Oyèlàmí: ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
ló fi yí irin nílé iṣẹ́,
ariwo ẹ̀rọ sì jẹ etí rẹ̀ méjèèjì tán.
Mo kígbe. Ó rẹ́rìn-ín.
Mo yà á sára páálí. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó tún un yà.
Kò fi iná líle kàn án, idẹ ló fi lẹ̀ ẹ́,
iná jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yá ọbẹ̀ àná.
Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lẹ́yìn, kí ìfà má baà ṣẹ́ ẹ.
Ó ku bí ìbú èékánná kí àwo wọ àárín ẹ̀mú;
ó gé wáṣà méjì lára agolo mílíìkì,
ó yọ ọ̀kan.
Ó wá pariwo mọ́ mi, bí ẹni wà lókè odò:
"Má fọwọ́ epo kan àwo yẹn o!"

Bíréèkì tuntun kì í jẹ lọ́jọ́ tí a dè é.
Mo sáré, mo dúró, mo sáré, mo dúró
níwájú ilé bàbá náà ní Òkè-Báálẹ̀,
àwọn ọmọdé ń bá mi kà á,
wọ́n fo mẹ́tàlá.
Ìgbà kejìlélógún, àwo ké,
igbe tóóró, bí ewúrẹ́ tí a tẹ̀ nírù,
kẹ̀kẹ́ sì dúró gbagidi.
Gbogbo àdúgbò bojú wẹ̀yìn.
Bàbá Oyèlàmí nìkan ni kò gbọ́.
Ó na àtàńpàkò sí mi,
ó padà sídìí fáìlì rẹ̀.

Òjò ti ṣú lórí Òkè-Fìà.
Ibẹ̀ ni n ó gbà relé.